Owó alẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú: ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin àbúrò tó fẹ́ gbé káàdì kan ṣoṣo wọ ọkọ̀ wa

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì owó ọkọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ìwé àbá tó ń ti ọ̀dọ̀ yín jáde ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin wa níbí, jọra wọn jù: àwọ̀ káàdì lójú ewé kìíní, orúkọ tó dùn ún pè lójú ewé kejì, iye ẹ̀rọ tí a ó rà lójú ewé kẹta. Wọ́n ní èrò tó wọkọ̀ ní Kétu, tó pààrọ̀ ọkọ̀ ní Pọ̀bẹ́, tó sọ̀ ní Àjàṣẹ́, tó tún wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kútọnu, káàdì kan ló máa fi san gbogbo rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni owó náà ń bá sùn? Ìgbà wo ni awakọ̀ Pọ̀bẹ́ máa rí tirẹ̀ gbà? Ẹ tú ìwé náà títí, ẹ ò ní rí i níbẹ̀. Ó ń dùn mí, torí ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ṣáájú yín ti ṣubú.

Ẹ mọ bí káàdì ṣe ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká to ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, irú káàdì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta MIFARE Classic, irú ṣíìpù káàdì àtijọ́ kan, fún yín torí pé kò wọ́n. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀ kò ju bíìtì 48 lọ. Ní 2008 àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Radboud, ní ìlú Nijmegen, tú u palẹ̀, òun sì ni káàdì ọkọ̀ Netherlands àti Oyster ti London ń lò nígbà náà. Ẹ ra èyí tó ń lo AES, ọ̀nà ìpa-àṣírí-mọ́ tó lágbára jù ú lọ, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ bíìtì 128. Káàdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, tí a fà yọ láti ara kọ́kọ́rọ́ àgbà àti nọ́ńbà káàdì náà. Inú SAM ni kọ́kọ́rọ́ àgbà ń gbé, ìyẹn ṣíìpù kékeré tí a ń kì bọ inú ẹ̀rọ; kò gbọdọ̀ sí nínú sọ́fútíwíà rárá.

Èkejì, ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé. Láàárín Pọ̀bẹ́ sí Kétu, tàbí nígbà tí ẹ bá ń lọ sókè sí Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ ṣètò bí ẹni pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Orí káàdì ni iye owó tó kù gbọ́dọ̀ wà, kí ẹ̀rọ yọ owó láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kó sì parí láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ìgbàkígbà tí èrò bá fi káàdì kan ẹ̀rọ, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà tó tẹ̀ léra: bí 417 bá tẹ̀ lé 415, ẹ mọ̀ pé owó ẹnìkan ti sọnù. Ibi méjì ni kí ẹ̀rọ máa kọ ọ́ sí, torí ẹ̀rọ tó bá kú kó tó dé gáréèjì ti gba owó lọ́wọ́ èrò, awakọ̀ kò sì ní rí nǹkan kan gbà. Bí ọkọ̀ bá dé gáréèjì lálẹ́, ẹ̀rọ yóò fi ìṣirò ọjọ́ náà ránṣẹ́, yóò sì gba orúkọ àwọn káàdì tí a ti dè, èyí tó sọnù àti èyí tí wọ́n jí.

Èyí tó máa ń fa èébú jù ni ti èrò tó yára fa káàdì kúrò kí ẹ̀rọ tó kọ ọ́ tán. Owó ti yọ, ẹ̀rọ tan iná pupa, èrò tún fi kàn án, owó tún yọ. Kò sẹ́ni tó máa gbà pé àṣìṣe ni. Olè ni wọ́n máa pe awakọ̀. Nítorí náà, ìkọ̀wé náà gbọ́dọ̀ parí pátápátá tàbí kó má wáyé rárá. Bí ẹ̀rọ bá tún rí káàdì kan náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó parí èyí tó wà nílẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ fa káàdì kúrò ní kíákíá nígbà igba kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ kan wọ ọkọ̀, kí ẹ sì ka iye owó tó yọ.

Ẹ̀kẹta, iye owó ọkọ̀. Sydney ní Ọsirélíà fẹ́ kí káàdì àwọn ti wà kí Òlíńpíìkì 2000 tó dé. January 2008 ni ìjọba fagi lé àdéhùn náà, káàdì kò tíì dé ọwọ́ gbogbo ará ìlú. Iye owó ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú omi pọ̀ lóríṣiríṣi, ẹ̀rọ ni wọ́n sì ní kó gbé gbogbo rẹ̀, dípò kí wọ́n kọ́kọ́ dín in kù. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹrù ló máa dá yín dúró. Àpò gààrí àti àgbàdo ní owó tirẹ̀, ẹnu ni a sì fi ń ná an. Káàdì kò mọ ọjà á ná. Ẹ bá àwọn onímọ́tò jókòó, kí ẹ fi ẹrù sí ìpele mẹ́ta, kí ẹ lẹ iye owó rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀.

Mo fẹ́ ka ẹ̀kẹrin, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n dé Nairobi ná, torí ẹ kì í fẹ́ gbọ́ ọ.

Ní 2013, Google àti Equity Bank gbé káàdì BebaPay jáde fún àwọn bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń pè ní matatu. Fóònù Android lọ́wọ́ agbowó-ọkọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń ka káàdì náà. Ìjọba Kenya pàṣẹ pé láti July 2014, kí ẹnikẹ́ni má gba owó ọwọ́ lọ́wọ́ èrò mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà gbé káàdì tiwọn jáde, ti ọ̀kan kì í sì í ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ èkejì. Ní March 2015, Google ti BebaPay pa. Àṣẹ ìjọba kò mú ilẹ̀. Owó ọwọ́ ni èrò tún ń nà sí agbowó nígbà náà.

Ẹ fi owó Google àti ìmọ̀ wọn wé tiyín, kí ẹ wá sọ fún mi pé ẹ̀rọ ni ìṣòro. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ matatu ń dá iye kan fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn epo àti àwọn ìnáwó ojú ọ̀nà ni awakọ̀ àti agbowó ń pín jẹ. Bí òjò bá rọ̀, owó ọkọ̀ gòkè, àǹfààní tiwọn nìyẹn. Káàdì dé, owó ń gba orí rẹ̀ lọ sínú àkáǹtì. Olówó ọkọ̀ ń rí gbogbo rẹ̀, ilé ìfowópamọ́ ń rí i, ìjọba náà ń rí i. Ẹni tó ń pàdánù nìkan ni wọ́n gbé ẹ̀rọ lé lọ́wọ́! Kí ló kù kó ṣe? Ó ní kí èrò mú owó wá. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé gbogbo iṣẹ́ náà lulẹ̀.

Ẹ̀kẹrin nìyí, owó awakọ̀: ọkọ̀ tiwa kò yàtọ̀. Onímọ́tò tó ti Kétu ń bọ̀ lè ra kpayo, epo ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé, nínú ìgò létí títì, owó ọwọ́ ni obìnrin tó ń tà á ń gbà. Bí ẹ bá kó gbogbo owó rẹ̀ sínú àkáǹtì tó máa ṣí lọ́jọ́ kejì, báwo ló ṣe máa ra epo padà? Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí ẹ san ìpín rẹ̀ sórí MoMo, àpò owó orí fóònù: lọ́sàn-án, àti kí aago mẹ́jọ alẹ́ tó lù. Ẹ pín ti awakọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti olówó ọkọ̀ láti orísun, kí ẹnì kan má bàa gbé ti ẹnìkejì mì. Kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn ẹni tó máa san owó ìfiránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí owó ọwọ́ àti káàdì jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko, ẹ má fi agbára lé owó ọwọ́ jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ bẹ ìjọba pé kó pàṣẹ, ẹ rántí Kenya.

Pípín owó náà gba ìṣirò, ẹ má fi í sílẹ̀ fún agbẹjọ́rò. Ká ní Kétu sí Pọ̀bẹ́ jẹ́ 600 fàráǹkì, Pọ̀bẹ́ sí Àjàṣẹ́ jẹ́ 1000, tí ẹ sì ní kí oníkáàdì san 1400 dípò 1600 torí pé ó pààrọ̀ ọkọ̀. Ta ló gbé 200 yẹn? Bí ẹ bá pín in ní ìbámu pẹ̀lú iye owó ọ̀nà, ọkọ̀ Kétu gba 525, ti Pọ̀bẹ́ gba 875. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, pẹ̀lú nọ́ńbà, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i kí ẹ tó tẹ káàdì kan jáde. Hong Kong mọ èyí: àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn ló dá ilé iṣẹ́ tó ń pín owó káàdì wọn, Octopus, sílẹ̀ kí káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Àjọ ni iṣẹ́ yìí, ẹni tí kò mọ ilé alájọ kì í dá a. Ní Japan, káàdì Suica bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ó sì di 2013 kí oríṣi káàdì mẹ́wàá tó máa ṣiṣẹ́ ní agbègbè ara wọn, bẹ́ẹ̀ irú ṣíìpù kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Àdéhùn ló ń pẹ́.

Owó tí èrò ti fi sórí káàdì tí kò tíì ná, tiwọn ni, kì í ṣe tiyín. BCEAO, báńkì àgbà tó ń ṣàkóso fàráǹkì wa, gbé ìlànà jáde lórí owó orí ẹ̀rọ ní 2015. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó gba fàráǹkì kan. Ẹ̀yin tó ń sọ pé ẹ máa fi owó yẹn ra ẹ̀rọ síi, ẹ̀ ń fi owó olówó ṣòwò.

Nígbà tí ẹ bá yí iye owó ọkọ̀ padà, ẹ fi fáìlì tuntun ránṣẹ́ sí gáréèjì kan ṣoṣo fún ọjọ́ méjì kó tó dé gbogbo ọ̀nà, kí ti àtijọ́ sì wà nínú ẹ̀rọ. Ní July 2008, fáìlì tí kò tọ́ wọ ẹ̀rọ London, ó ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì Oyster jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Kí gbólóhùn kan wà nínú àdéhùn yín: bí ọ̀nà kan bá kúrò nínú ètò, tàbí bí ilé iṣẹ́ tó ń pín owó bá kógbá sílé, ilé ìfowópamọ́ wo ni èrò máa lọ gba èyí tó kù lórí káàdì rẹ̀, pẹ̀lú ìwé wo, láàárín oṣù mélòó.