Àga tó ń ké nínú orin

Alága ni wọ́n ń pè mí báyìí. N kò wọlé ìbò kankan, n kò sì darí ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí àwọn ọlọ́tẹ̀ tó bá mi sọ ọ́ fún yín, torí wọ́n á fi iyọ̀ sí i.

Ẹ kúkú mọ̀ mí, ẹ mọ bí mo ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ti dárúkọ ohùn orin. Látìgbà tí Spotify, ilé iṣẹ́ tó ń ta orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti gbé lossless tiwọn jáde nínú oṣù kẹsàn-án 2025, ìyẹn orin tí wọn kò gé ohunkóhun kúrò lára ohùn rẹ̀, ni ara ò ti rọ̀ mí. Ṣáájú ìgbà náà, 320 kbps (ìwọ̀n dátà tí orin ń gbà kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni òpin ohun tí wọ́n ń fún ẹni tó sanwó. Tidal, orogún wọn, ti ń gbé FLAC kiri tipẹ́, Apple Music sì ti gbé ALAC dé láti 2021; oríṣi lossless ni méjèèjì. Wàyí o, tí kálukú wọn ti ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá, ta ni yóò jókòó dájọ́ bí kò ṣe èmi? Èmi tí etí mi ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ọmọdé ṣì ti ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín dé nǹkan bí 20 kHz.

Mo sanwó oṣù kan fún ilé iṣẹ́ méjì. N kò ní dárúkọ wọn, wọn ò jẹ̀bi. Orin kan náà ni mo wá lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì: dùrù kan, obìnrin kan tó ń kọrin pẹ̀lẹ́, kò sí ìlù rárá. Mo pa iná yàrá, mo ki íápíìsì tí kò ní wáyà bọ etí, mo fẹ̀yìn ti àga mi, mo ń rọra mi orí.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Kíì-ín.

Mo dá orin padà. Kíì-ín. Mo sáré gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ kejì, mo sún síwájú, mo na bíírò mọ́ ìwé láti kọ ohun tí mo bá gbọ́. Kò dún. Mo padà sí ti àkọ́kọ́, mo fẹ̀yìn tì. Kíì-ín! Ẹ̀yin èèyàn mi, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ẹni tó gbọ́n nínú yín ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Èmi ò gbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo bọ́ sórí WhatsApp àwa ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn ohùn orin. Mo ní mo ti gbọ́ àga tí ẹni tó ń tẹ dùrù jókòó lé. Bí mo bá dúró síbẹ̀, ì bá sàn. N kò dúró. Mo ní àga onígi ni. Mo ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì ni kò múlẹ̀ dáadáa. Mo ní ẹni tó jókòó lé e sanra díẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé alẹ́ ni wọ́n gba orin náà sílẹ̀. Mo wá fi èyí tó burú jù lé e: mo ní 24-bit, tí wọ́n fi ń kọ ohùn sílẹ̀ kínníkínní ju 16-bit lọ, nìkan ló lè gbé àga, pé 16-bit á kàn gbé ẹni tó jókòó, á fi àga sílẹ̀. Èmi ni mo kọ ìyẹn. Èmi, ọmọ tí wọ́n rán níléèwé, tí wọ́n sanwó lé lórí.

Àbúrò mi obìnrin wọlé wá mú ṣájà. Ó bá mi nínú òkùnkùn, mo ń rẹ́rìn-ín sí ògiri. Mo ní kó wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ohùn. Ó ki íápíìsì bọ etí, ó dúró gbọin, ó gbọ́ ọ dé òpin.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò gbọ́ àga kankan o."

Mo ní etí rẹ̀ kò tíì gbó. Mo gbà á padà, mo jókòó, mo fẹ̀yìn tì, mo mi orí. Kíì-ín. "Òun nìyẹn!"

"Ẹn-ẹ́n, mo gbọ́ ọ," ló ní.

Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ dìde bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìgbà tí mo ń mi ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ni mo rántí pé íápíìsì méjèèjì, tọ̀tún tòsì, etí tèmi ni wọ́n wà.

Kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù, ó kàn tan iná. Ó wá bi mí bóyá mo mọ̀ pé Bluetooth ni mo ń lò. Mo ní mo mọ̀. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé CD lásán, 16-bit, 44.1 kHz, ń béèrè 1,411 kbps, pé LDAC, tó wà lára àwọn tó fẹ̀ jù nínú ọ̀nà tí Bluetooth ń gbà gbé orin, kò kọjá 990, àti pé íápíìsì tèmi kò tilẹ̀ mọ LDAC rí. Apple fúnra wọn kọ ọ́ síta pé Bluetooth kì í ṣe lossless.

"Odò lẹ sanwó fún," ló ní, "ihò abẹ́rẹ́ lẹ fi ń fà á."

Ó yẹ kí n lọ sùn. Mo ní kó dán mi wò. Ó bá kó fóònù sẹ́yìn, ó ń ki orin sí mi létí láìsọ ibi tó ti wá. Owó ẹyọ tí wọ́n jù sókè ì bá gbà á jù mí lọ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ó ń gbé ohùn sókè díẹ̀ nígbà tó bá wù ú, bẹ́ẹ̀ kò sí etí tí kì í ro pé èyí tó pariwo jù ló dùn jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí fi ń mú kí ohùn àwọn orin dọ́gba fúnra wọn: Spotify ń fi í sí -14 LUFS (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń pariwo tó), Apple ń fi í sí -16. Èyí tí mo pariwo lé lórí jù, tí mo ní mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tó yí ẹnu obìnrin náà ká, 96 kbps ni. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń ṣọ́ dátà lò.

Mo gbé fóònù kí n tètè pa ohun tí mo kọ sórí WhatsApp rẹ́. Ó ti bọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀ ná, ẹ wo àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé òun gbọ́ àga náà, apá òsì gan-an. Èkejì ní òun náà gbọ́ ọ, àmọ́ àga irin ni. Wọ́n ti ń jà lórí igi àti irin kí n tó dé. Ọ̀kan tó ra wáyà tó nípọn ju ọwọ́ mi lọ ní kí wọ́n dákẹ́ ariwo, pé tìmùtìmù wà lórí àga ọ̀hún, pé wáyà òun ń gbé ohùn aṣọ rẹ̀. Ilé mi ni àga yìí wà o! Èmi kàn fẹ̀yìn tì í ni; àwọn wọ̀nyí gbọ́ ọ láti ilé wọn.

Mo sọ òtítọ́ fún wọn. Gbogbo wọn yí padà kíá, wọ́n ní àwọn ti fura, wọ́n sì fi mí joyè tí ẹ gbọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó rántí irin mọ́.

Onítìmùtìmù nìkan ni kò gbà. Ó ní ó lè jẹ́ òótọ́ pé tèmi wá láti inú yàrá mi, tòun wà nínú orin. Lánàá ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: ó ti lọ sanwó fún ilé iṣẹ́ mìíràn, kò sì gbọ́ àga náà níbẹ̀ mọ́. Ó dá a lójú pé wọ́n ti tún orin náà ṣe, wọ́n sì yọ àga kúrò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kọ̀wé sí wọn, ó ní kí n bá òun kọ ọ́ torí èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Mo ti kọ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́.