Àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù píkọ́ọ̀pù mi

Ẹ ra píkọ́ọ̀pù àlòkù ní Amẹ́ríkà níbí, kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ ó rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò so mọ́ nǹkan kan. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé wọ́n ti yọ nǹkan lára ọkọ̀ náà kí wọ́n tó tà á. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, irọ́ ni. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò kì í fẹ́ ṣe wáyà ọ̀tọ̀ fún ọkọ̀ olówó, kí wọ́n tún ṣe ọ̀tọ̀ fún ti mẹ̀kúnnù. Wáyà kan náà ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ sínú wọn. Bí ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà kò bá sanwó fún àga tó ń móoru, sọ́kẹ́ẹ̀tì àga yẹn lè wà lófìfo títí ọkọ̀ á fi gbó.

Houston ni mò ń gbé. Mo máa ń bá àwọn èèyàn wa fa mọ́tò tí wọ́n rà ní ọ́kíṣàn lọ sí èbúté ní Galveston tàbí Freeport, kó tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Tin Can. Ford F-150 ni mo fi ń fà á. Camry kan wọn nǹkan bíi 3,300 pọ́n-ùn, tírélà onírin tí a ń gbé e lé náà sì lè tó 2,000. Òfin Texas ni pé tírélà tí òun pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ bá ju 4,500 pọ́n-ùn lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀. Bíréèkì oníná ni ti tèmi, ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà níwájú awakọ̀. Ẹni tó bá ti rí ọ̀nà 45 ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò tiẹ̀ nílò òfin kankan kó tó wá a.

Kí n lè rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí màá ki ẹ̀rọ náà bọ̀, mo pe rewáyà tó ń tọ́jú mọ́tò bàbá mi ní Mọ́kọ́lá lórí WhatsApp, mo gbé fóònù sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kó lè rí i. Kò tíì kí mi tán tó fi ní, “Bọ̀dá, ẹ má gé nǹkan kan o! Ẹ̀yí tó ní yẹ́lò yẹn ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a.”

Òótọ́ ló sọ. Yẹ́lò, ti ẹ̀bàgì ni, àpò tó máa ń wú jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Tẹ́sítà tí rewáyà fi ń wá iná kò gbọ́dọ̀ kàn án, torí iná táṣẹ́rẹ́ ti tó láti mú kí ẹ̀bàgì bú síni lójú. Kódà bí ẹ bá ti tú orí bátìrì, iná ṣì lè ṣẹ́kù sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Èyí tó ní ihò 16, tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ gùn ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni mẹ́káníìkì ń ki ẹ̀rọ bọ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Láti 1996 ni àwọn ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní in. Òfìfo ló yẹ kó wà. Bí ẹ bá bá nǹkan nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀, ẹ fura. Àwọn tó ń ta mọ́tò láwìn, tí à ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, máa ń fi ẹ̀rọ tó ń tọpasẹ̀ ọkọ̀ pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Òmíràn wà tó máa ń dá ọkọ̀ dúró, tí kò ní sítáàtì mọ́ bí owó oṣù kò bá wọlé. Bí ẹ bá ti san gbèsè tán, ẹ ní kí wọ́n wá yọ ọ́. Bí mo ṣe ń mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì yàtọ̀ ni téèpù: ti ilé iṣẹ́ sábà máa ń dà bí aṣọ, kì í dán, ó sì máa ń tò. Téèpù dúdú tó ń dán, tó ti ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, tàbí ike kékeré aláwọ̀ búlúù tó gé wáyà jẹ, ẹnìkan ló wá dábírà síbẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kúrò nílé iṣẹ́.

Èyí tí mò ń wá, ìyẹn ti ẹ̀rọ bíréèkì tírélà, wọ́n dì í mọ́ àwọn wáyà yòókù nítòsí sítíárín. Ihò rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ wáyà rẹ̀ ki ju ti àwọn tó yí i ká lọ. Mo gbé mítà tí a fi ń wọn iná sí i, ẹnu dúdú mítà lórí irin tí wọn ò kùn lọ́dà, ẹnu pupa láti ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má kì í bọ ihò iwájú, á fẹ ihò náà, kò sì ní di nǹkan mú dáadáa mọ́. Kọ́kọ́rọ́ kò sí lára ọkọ̀, síbẹ̀ wáyà kan ń gbé 12.6 fóòtì, iye tí bátìrì tó yó ń gbé. Mo ní kí ọmọ mi tẹ bíréèkì, òmíràn jí. Ìkẹta jẹ́ áàtì, ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Ìkẹrin ló lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méje lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí tírélà ti ń gba iná. Bí èyí tó yẹ kó ní iná nígbà gbogbo bá kú, ẹ wo àpótí fíùsì ná; àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọn kì í fi fíùsì yẹn sí.

Ẹ má fi àwọ̀ wáyà ọkọ̀ dán an wò. Lára ẹ̀rọ tó ń darí bíréèkì tírélà, tí à ń rà lọ́tọ̀, dúdú ló sábà ń gba iná bátìrì, funfun ni áàtì, pupa ni ti iná bíréèkì, búlúù ló ń lọ sí tírélà. Wáyà ti inú ọkọ̀ ní àwọ̀ tirẹ̀, kò bá a mu. Wọ́n ń ta wáyà kúkurú tí ẹnu rẹ̀ kan bá ti ọkọ̀ mu, tí èkejì bá ti ẹ̀rọ mu. Ẹ sọ irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ fún wọn. Gígé kò sí níbẹ̀ rárá. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ láíbìrì ìlú níbí ní àwòrán wáyà ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, káàdì láíbìrì ọ̀fẹ́ lẹ ó fi wọlé.

Ó ku ká mọ bí bíréèkì náà ṣe le tó. Mo fa tírélà lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo, mo sáré bíi 25 máìlì ní wákàtí kan, mo wá fi ọwọ́ tẹ bíréèkì lára ẹ̀rọ. Táyà tírélà kú, ó ń wọ́ nílẹ̀, mo dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yí geerege. Ti tírélà òfìfo nìyẹn. Camry àti Highlander ò wọn bákan náà, torí náà gbogbo ìgbà tí ẹrù bá yí padà ni mo máa ń tún un ṣe kí n tó bọ́ sí títì.