Ojú mi ni wọ́n ń wò

Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù ní Kubwa níbí l'Ábújá, àwọn tí ò tíì pé ọdún 15, ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀, Gbagyi, Haúsá, Ìgbò, Tiv, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ariwo ni mo fi ń kọ́ wọn. Bí kóòṣì tó kọ́ èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn, á dúró lẹ́bàá láìnì, á máa pariwo "gbé e sọ́tùn-ún! padà! gbá a jáde!" títí máàṣì á fi parí, a sì máa ń borí dáadáa, torí ẹ̀ lèmi náà ṣe gbà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Fídíò kan ló là mí lójú. Àbúrò mi ló fi fóònù ya máàṣì tá a gbá ní Sátidé kan, 3-1 la nà wọ́n, inú mi dùn gan-an. Àfìgbà tí mo wá jókòó wò ó lálẹ́. Tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ ọmọ kan, kó tó wo ẹni tó máa gbá a sí, á kọ́kọ́ yíjú wo èmi. Mo tún un wò lẹ́ẹ̀kejì, mo ń kà wọ́n, ọmọ méje ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ́ rí i pé èmi ni mò ń fẹnu gbá bọ́ọ̀lù yẹn, ẹsẹ̀ wọn ni mo kàn yá. Mi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Ilẹ̀ mọ́, mo mú ìwé ẹ̀sáìsì kan, mo ní kí n kọ ohun tí mo gbà gbọ́ sílẹ̀, ohun táwọn èèyàn ń pè ní filọ́sọ́fì kóòṣì. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ! Ìṣọ̀kan, ìtẹríba, ìforítì, gbogbo ọ̀rọ̀ dáadáa tẹ́ ẹ mọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú ẹ̀ tó lè sọ fún mi ẹni tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ máàṣì ní Sátidé. Mo ya á. Mo wá bi ara mi pé kí lohun tí mo lè torí ẹ̀ gbà kí wọ́n nà wá? Ìdáhùn ẹ̀ nìkan ni mo kọ sílẹ̀. Ẹni tí ò bá wá sí tréníìn ò ní bẹ̀rẹ̀ máàṣì. Mi ò ní bú ọmọ lójú ẹgbẹ́ ẹ̀. Àwọn ọmọ ló máa ronú lórí pápá, tèmi ni kí n máa bi wọ́n léèrè. Ká tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kí góòlì wa, ọmọ tó ń ṣọ́lé, sọ ọ́ ní Haúsá fáwọn yòókù, torí ohun tọ́mọ ò bá lè délé sọ fún ìyá ẹ̀, kò tíì yé e.

Òfin àkọ́kọ́ yẹn dun èmi fúnra mi. Ọmọ tó ń gbá gólì wọlé jù nínú wọn pa tréníìn jẹ lẹ́ẹ̀mejì, sẹmí-fáínà sì ń bọ̀. Bàbá ẹ̀ wá bá mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n jù mí lọ dáadáa. "Kóòṣì, ṣé torí tréníìn lásán lẹ ṣe máa fi ọmọ mi sórí bẹ́ǹṣì?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ má bínú sà, àmọ́ kò ní bẹ̀rẹ̀. Wọ́n nà wá 1-0, ó sì tó oṣù méjì kí bàbá yẹn tó dáhùn tí mo bá kí wọn. Àmọ́ ní Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, kò sọ́mọ tí ò wá, títí kan ọ̀kan tí ibà ń ṣe, èmi ni mo lé e padà sílé. Òfin náà mú èmi gan-an, ọjọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá mi dúró ní Berger tí mo pẹ́ dé, mo sá ráùndì tí àwọn náà máa ń sá. Tí ààwẹ̀ bá sì ti dé, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé la máa ń ṣe tréníìn, lẹ́yìn sààrì, ẹ ò lè ní kí ọmọ tí ò mu omi máa sáré nínú oòrùn oṣù kẹta Àbújá.

Dídákẹ́ ló le jù. Máàṣì méjì àkọ́kọ́ tí mo dákẹ́, 4-0 àti 3-0 ni wọ́n nà wá, àwọn òbí ń wò mí bí ẹni tí ò mọṣẹ́. Hááfù-táìmù, mo bi wọ́n pé "kí lẹ rí?" Kò sẹ́ni tó fọhùn. Mo dúró. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa dúró, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń darí èèyàn lọ́fíìsì náà, torí ibẹ̀ gan-an lẹnu máa ń yún wa. Góòlì wa tí kì í sọ̀rọ̀ ló wá ní, "Kóòṣì, nọ́ńbà 7 wọn, inú ló máa ń já wọ̀ ní gbogbo ìgbà, kì í lọ sí láìnì." Èmi tí mo dúró síbẹ̀ ò rí i.

Bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ Olóyè Adégbóyè Onígbìndé, tó ti ṣe kóòṣì Super Eagles rí, dáadáa, torí ará Mọdákẹ́kẹ́ làwọn náà. Ní Ife Àgbáyé 2002, Argentina ti nà wá, Sweden ti nà wá, Onígbìndé wá fi Vincent Enyeama, ọmọ ọdún 19, ṣọ́lé fún wa níwájú England, 0-0 ló parí sí. Mo máa ń rántí ẹ̀ tó bá ń ṣe mí bíi kí n pariwo. Tóo bá ti fọmọ síbẹ̀, jẹ́ kó fi ojú ara ẹ̀ ríran.

Lóṣù tó kọjá àbúrò mi tún ya fídíò kan. Góòlì yẹn pariwo "juya!" (yí padà, ní Haúsá) sí ọmọ Yorùbá tó ń gbá ọwọ́ òsì, ìyẹn yí padà lẹ́ẹ̀kan, ó tú bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹni tó wà níwájú, gólì! Mo wá ara mi nínú fídíò yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, mò ń bá ọmọ kékeré kan so okùn bàtà ẹ̀.