Kẹ́ ẹ tó kọ̀wé fún sikọ́láṣíìpù ìrántí, ẹ wádìí ẹni tí wọ́n fi ń rántí

Àwọn tá a jọ wà ní Ternopil, ìlú kan ní Ukraine, kí ogun tó tú wa ká ní February 2022 ṣì máa ń bi mí pé báwo lọmọ Yorùbá ṣe rí owó ṣe máṣítà lórí nǹkan Ukraine níbí ní Edmonton, ní Kánádà. Owó ìrántí ni o, àwọn ọmọ ìyá kan ló yọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ màmá wọn tó ti dolóògbé, ìyá yẹn ni mo sì kọ́kọ́ wádìí kí n tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù rárá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iye owó ni wọ́n á wò, wọ́n á wo ọjọ́ tó máa pa dé, wọ́n á wá gbé lẹ́tà tí wọ́n ti kọ síbòmíì, wọ́n á pààrọ̀ orúkọ inú ẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀ fún owó tẹ́nì kan fi ń rántí òkú ẹ̀.

Ẹ wo ibi tówó yẹn ti wá ná. Láti 1891 làwọn ará Ukraine ti ń ṣí wá sí Kánádà, láti agbègbè Galicia àti Bukovyna, àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ni wọ́n ṣán igbó tí wọ́n dáko káàkiri Alberta, Saskatchewan àti Manitoba, síbẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ìjọba Kánádà kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sí àhámọ́ torí pé abẹ́ Austria-Hungary, tí Kánádà ń bá jà nígbà yẹn, ni wọ́n ti wá. Nílé lọ́hùn-ún, ọba Rọ́ṣíà ti fòfin de títẹ ìwé lédè Ukraine ní 1876, ìyàn Holodomor ti 1932 sí 1933 pa àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn, ìjọba Soviet ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ ọ́ síta. Ta ló máa wá kọ ìtàn yẹn? Àwọn tó wà lẹ́yìn odi ló fowó wọn gbé e. Nígbà tí Yunifásítì Alberta níbí dá Canadian Institute of Ukrainian Studies, ilé ìwádìí nípa Ukraine, sílẹ̀ ní 1976, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré ló pé lẹ́yìn òfin ọba yẹn, àwọn ẹbí sì ń fi orúkọ èèyàn wọn dá owó sílẹ̀ níbẹ̀, irú bíi Helen Darcovich Memorial Doctoral Fellowship tó wà fáwọn tó ń kàwé gboyè PhD.

Wọn kì í sábà ná owó gan-an tí wọ́n fi sílẹ̀, èrè orí ẹ̀ ni wọ́n ń ná, bí igi kòkó ni, èso ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ká. Ká ní ẹbí kan fi 100,000 dọ́là sílẹ̀, tí wọ́n ń ná ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, 4,000 ló máa dọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ rántí ìyẹn, mo ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Ìyá tí wọ́n ń fowó tèmi rántí yìí, olùkọ́ ni, Saturday ló fi ń kọ́ àwọn ọmọdé lédè Ukraine, ó sì ń kọrin nínú kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Inú ìkéde ìsìnkú ẹ̀ ni mo ti rí i, àti nínú ohun táwọn ọmọ ẹ̀ kọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá owó náà sílẹ̀. Orin ìgbéyàwó àwọn ará Ukraine lèmi sì fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí tẹ́lẹ̀, àwọn orin tí wọ́n máa ń kọ tí wọ́n bá ń tú irun ìyàwó, tí wọ́n á wá bò ó lórí, torí ẹkún ìyàwó tí màmá àgbà mi máa ń sun fún wa ò kúrò lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orin Ukraine yẹn ní Ternopil. Mi ò yí iṣẹ́ mi padà torí olóògbé o. Ibi tí iṣẹ́ mi ti pàdé ayé ẹ̀ ni mo gbé síwájú, ìyẹn báwọn obìnrin inú kọ́yà ṣe ń fi orin náà lé ọmọ lọ́wọ́ ní Kánádà. Tí iṣẹ́ tiyín ò bá pàdé tẹni tí wọ́n ń rántí níbì kankan, ẹ wá owó míì, ẹ má parọ́ mọ́ òkú.

Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti máa rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kà pẹ̀lú. Èmi dárúkọ Bohdan Medwidsky Ukrainian Folklore Archives níbí, ibi tí wọ́n ń tọ́jú orin àti ìtàn àwọn ará Ukraine sí, mo sì ti kọ̀wé sí wọn ṣáájú láti mọ irú orin tó wà lọ́wọ́ wọn.

Èdè ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Kharkiv rí, ìlú Ukraine míì, tó jẹ́ Russian lẹ gbọ́ jù nígboro, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ Ukrainian, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kẹ́ni tó ń kọ́ yín wà lára àwọn tó máa kọ lẹ́tà ẹ̀rí fún yín, kó lè sọ bẹ́ ẹ ṣe gbọ́ èdè náà tó. Pásítọ̀ ò lè bá yín sọ ìyẹn.

Ti 4,000 yẹn wá, ọ̀pọ̀ owó ìrántí ò lè gbọ́ bùkátà ọdún kan, kò tó owó ilé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dípátímẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ tó gba àyè yẹn o, bóyá wọ́n á fún yín níṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, àti bóyá wọn ò ní yọ owó ìrántí yín kúrò nínú èyí táwọn fẹ́ san. Lórí ìwé ni kí wọ́n ti dá yín lóhùn.