Ẹjọ́ Àjànàkú

Ẹ̀yin àbúrò mi mẹ́ta tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìgbìmọ̀, ẹ kú oríire o. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo dìde lórí àga yẹn. Ọdún mẹ́rin, sáà 24, ni mo fi yẹ tíréèdì, ìyẹn pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù láàárín ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, wò nínú líìgì básíkẹ́ẹ̀tì orí kọ̀ǹpútà tiwa yìí. Tíréèdì 137 ló gba iwájú mi kọjá. Mo fọwọ́ sí 131, mo wọ́gi lé mẹ́fà. Bí ẹ bá jí mi lóru, màá tún wọ́gi lé márùn-ún nínú mẹ́fà yẹn, n kò sì ní í bẹ ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́lòmíì nínú líìgì yìí tó lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ fúnra mi, nígbà tí kò sẹ́ni tó rántí sọ ọ́ lọ́jọ́ ìdágbére.

N kò bá tí kọ nǹkan kan, bí kò ṣe ohun tí mo rí lẹ́yìn ọjọ́ ìdágbére yẹn. Tíréèdì kan dé iwájú yín, ọ̀kan nínú yín ṣí kalikulétọ̀ orí fóònù, ó ro nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń wọn agbára àwọn tó ń lọ pọ̀, ó ro ti àwọn tó ń bọ̀ pọ̀, ó ní: "134 ń lọ, 151 ń bọ̀. Ìyànjẹ ni." Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu, nítorí èmi náà ti fi nọ́ńbà dájọ́ rí láìbi ẹni tó lọjà léèrè.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: a kì í ka agbábọ́ọ̀lù pọ̀ bí ẹni ń ka owó. Èèyàn márùn-ún péré ni ẹgbẹ́ kan lè ní lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú 48 ni eré, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú 240 ni kóòṣì ní láti pín. Bí ẹ bá fi ẹni 70 kan gba ẹni 45 méjì, kalikulétọ̀ yóò ní ẹ ti jèrè 20. Lórí pápá ńkọ́? Àwọn méjèèjì á máa du àyè kan ṣoṣo tí ẹni tó lọ fi sílẹ̀. Igba eṣinṣin kì í dènà de ọwọ̀. Ìyá mi tó ń ta àdìrẹ l'Ọjà Ọba kò mọ nǹkan kan nípa básíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ kó ìró mẹ́ta tó ti ṣá lọ bá wọn, kí ẹ ní ẹ fẹ́ fi pààrọ̀ ẹlẹ́kọ kan tí aró rẹ̀ ṣì ń dán. Wọn á wò yín, wọn á ní kí ẹ bá àwọn kí àwọn ará ilé.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ wo àyè àti owó oṣù. Èèyàn 15 ni ẹgbẹ́ kan lè kó mọ́ra. Ẹni tó gba mẹ́ta fún ẹyọ kan lè fẹ́ lé méjì kúrò kó tó rí àyè, owó àwọn tó lé kúrò yẹn á sì wà lọ́rùn rẹ̀ títí àdéhùn wọn á fi parí. Èyí kò gba àlàyé púpọ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á pariwo bí ẹ bá gbàgbé.

Ẹ̀kọ́ kẹta dá lórí píìkì, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti yan agbábọ́ọ̀lù tuntun tó ń wọ líìgì, àti àwọn ọmọ kéékèèké. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ń pa á rẹ́, torí kò sí bí n ó ṣe sọ ọ́ tí n kò ní í dárúkọ Àjànàkú.

Ẹ ò tíì sí nínú líìgì nígbà náà. Sáà kẹsàn-án ni. Basketball GM, eré orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi ń darí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì, là ń lò nígbà náà, òun náà la ṣì ń lò di òní, torí ọ̀fẹ́ ni, inú kọ̀ǹpútà ọ̀gá líìgì ló ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí, a kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dátà dá wa dúró. Alaalẹ́ Ọjọ́ Ẹtì la máa ń pé sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ n'Ígbọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ á máa ké lẹ́yìnkùlé, a ó máa wo bí eré ṣe ń lọ. Orúkọ tí ẹ̀rọ bá hun fún agbábọ́ọ̀lù kì í rọ̀ wá lẹ́nu, ìyẹn la ṣe máa ń fún wọn ní tiwa. Àjànàkú ni a sọ sẹ́ńtà kan tó ga bí igi ọ̀pẹ. Ọmọ ọdún 31 ni, nọ́ńbà rẹ̀ 72, kò sí ẹni tó jù ú lọ nínú gbogbo líìgì. Àdéhùn rẹ̀ ku ọdún méjì.

Àbúrò kan tó ń kàwé ní Òkè-Baálẹ̀ ló ni ín. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dára, yàtọ̀ sí Àjànàkú, gbogbo wọn ló ń jábọ́. Ló bá lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ránṣọ l'Alékúwodò, ẹni tó wà lókè tábìlì. Télọ̀ á gba Àjànàkú. Àbúrò á gba ọmọ ọdún 19 kan tí à ń pè ní Kékeré-Ẹkùn, tó jẹ́ 47 lónìí ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ sọ pé ó lè dé 70, á gba ẹnìkan tó jẹ́ 52, á tún gba píìkì ipele kìíní méjì.

Ta ló wà ní ipò kejì lórí tábìlì? Èmi ni.

N kò tíì gba ife rí. Mo mọ̀ pé bí Àjànàkú bá wọ Alékúwodò, kí n kúkú ká aṣọ mi. Ṣùgbọ́n n kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni, n kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún ara mi. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé 72 ń lọ, ẹni tó ga jù nínú àwọn tó ń bọ̀ jẹ́ 52, nítorí náà wọ́n fẹ́ rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ.

Ẹnì kẹta nínú ìgbìmọ̀ kò sí lórí afẹ́fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, iná ti kú mọ́ fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnì kejì kọ̀wé sí mi pé: "Ohun tí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ, mo fara mọ́ ọn." Méjì nínú mẹ́ta ti pé. Mo jókòó, mo kọ ìdájọ́ tó gùn gbọọrọ sínú gúrúùpù WhatsApp, mo ní tíréèdì náà á ba líìgì jẹ́, mo ní ọmọdé ni ẹni tó ń tà, àwa àgbà gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó.

Ọmọdé. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún jù nìyẹn, mo gbọ́ nígbà tó yá.

Ó fèsì. Èsì rẹ̀ gùn, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi dé ìparí. Ó ní ní ọdún méjì sí i, Àjànàkú á ti pé 33, ẹgbẹ́ òun ò sì lè tíì dára tó nígbà yẹn. Ó ní òun kò wá ife lónìí, sáà kẹtàlá lòun ń wò. Ó ní ẹ̀gbọ́n, lọ́dún 2013, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, ń fi píìkì yan ọmọ tuntun, èèyàn 14 ni wọ́n pè ṣáájú Giannis tó wá di ìràwọ̀, ọmọ Adétòkunbọ̀ tiwa tí àwọn ará Gíríìsì kọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, nítorí náà kí n má fojú di píìkì. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn pátá, ìlà kan ni mo fi dá a lóhùn: "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n." Mo rò pé mo gbọ́n. Agbọ̀n, básíkẹ́ẹ̀tì, ẹ rí i. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ẹ̀rín ránṣẹ́ rẹpẹtẹ.

Sáà yẹn ni mo gba ife. Ẹyọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn di òní olónìí.

Àbúrò náà kúrò nínú gúrúùpù kí sáà tó parí. Ó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ kó tó lọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bi mí pé kí ni mò ń wá." Kò bú mi. Ì bá bú mi ni ì bá sàn. Nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, mo rí i ní Freedom Park lójú Old Garage, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà," ó béèrè àlàáfíà ilé, kò dárúkọ líìgì. Ẹ̀rọ ló ń bá a darí ẹgbẹ́ rẹ̀ di ìsinsìnyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá lọ́ nìyí. Kékeré-Ẹkùn ò di nǹkan kan. Ó dé 56, ó dúró síbẹ̀. Píìkì méjèèjì náà ò bí ọmọ gidi. Fún sáà bíi mẹ́wàá, ìyẹn ni mo fi ń gbèjà ara mi: "Ṣé ẹ ti wá rí i? Mo gba ọmọ náà sílẹ̀." Irọ́ ni. Àjànàkú náà bọ́ sí 68 ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó bọ́ sí 63, àdéhùn rẹ̀ parí, ó bá tirẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ àbúrò yẹn ò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní Àjànàkú gòkè dé 80, kò yí ẹjọ́ mi padà. Ọjọ́ tí wọ́n ná ọjà ni a fi ń dá ẹjọ́ ọjà, kì í ṣe ọjọ́ tí aṣọ ṣá.

Ẹ wo ti ẹgbẹ́ NBA méjì, Brooklyn Nets àti Boston Celtics, lọ́dún 2013 kan náà. Nets gba Kevin Garnett tó jẹ́ ẹni ọdún 37, wọ́n gba Paul Pierce tó jẹ́ 35, wọ́n gba Jason Terry. Lára ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni píìkì ipele kìíní ti 2014, ti 2016 àti ti 2018, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti pààrọ̀ ipò ní 2017. Láti ibẹ̀ ni Celtics ti rí Jaylen Brown àti Jayson Tatum, àwọn méjì tó wá di ìràwọ̀. Gbogbo ayé ń fi Nets ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Ká ní èmi ni mo wà lórí àga lọ́jọ́ náà, mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ kan ń wá ife kíákíá, ìkejì mọ̀ pé àwọn àgbà òun ti ń rẹ̀, oníkálukú mọ ohun tó ń rà. Nets ṣìṣe, a ò rẹ́ wọn jẹ. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì kò yẹ kó jókòó sórí àga yín.

Stern ni wọ́n ń pè mí nínú líìgì yìí. Ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ rò pé oríkì ni. December 2011, wọ́n ti fẹ́ gbé agbábọ́ọ̀lù kan, Chris Paul, láti ẹgbẹ́ Hornets ti New Orleans lọ sí Lakers, Pau Gasol á lọ sí Houston, Lamar Odom àti àwọn mìíràn á lọ sí New Orleans. David Stern, ọ̀gá NBA ìgbà náà, dá a dúró. NBA fúnra rẹ̀ ló ni Hornets nígbà náà. Ẹni tó lọjà ni adájọ́ ọjà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Paul lọ sí Clippers, ara àwọn tí wọ́n fi rà á sì ni Al-Farouq Aminu, tó bá Nàìjíríà gba AfroBasket lọ́dún 2015. Ó ṣeé ṣe kí ìdí Stern dára, ó ṣeé ṣe kó máà dára. Ta ló máa gbà á gbọ́? Stern tilẹ̀ sàn jù mí lọ, gbogbo ayé mọ̀ pé líìgì rẹ̀ ló ni Hornets. Èmi ń fi ìfẹ́ ọmọdé bo ohun tí mò ń wá.

Ẹnì kejì mi nínú ìgbìmọ̀, ẹni tó ní "ohun tí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ", òun ló ń sọ káàkiri lẹ́yìn náà pé òun kìlọ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ tó kọ ṣì wà lórí fóònù mi. Mo ti pààrọ̀ fóònù lẹ́ẹ̀mejì, mo ń gbé e tẹ̀lé ara mi. Ẹ fojú fo ìpínrọ̀ yìí bí ẹ bá fẹ́, n kò pa á rẹ́.

Kí ni mo fi dá ẹjọ́ márùn-ún yòókù? Nínú méjì, ẹnìkan fẹ́ fi líìgì sílẹ̀, ó ń kó ẹrù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó lọ. Nínú ọ̀kan, wọ́n fi káàdì ìpè kún un lábẹ́lẹ̀, ẹni tó fún un gan-an ló wá ta àṣírí. Nínú ọ̀kan, ẹnìkan náà ló ń darí ẹgbẹ́ méjì, ó fi orúkọ àbúrò rẹ̀ bojú. Nínú ìkárùn-ún, ẹni tó ń rà kò mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ rà ti ṣẹ́sẹ̀, kò sì ní í gbá títí sáà á fi parí. Mo bi í léèrè, ó ké gbàjarè, ó yọ ọwọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí kalikulétọ̀ nínú ìkankan. Ìbéèrè ni mo fi rí gbogbo wọn. Kí ni ẹ ń wá? Báwo ni èyí ṣe gbé yín débẹ̀? Ṣé nǹkan mìíràn wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì? Ẹ bi ẹni méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹyọ kan nígbà náà. Bí ìdáhùn ẹni náà bá bọ́gbọ́n mu fún ẹgbẹ́ tirẹ̀, bí ẹ̀yin ò tilẹ̀ ní í ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé, ẹ fọwọ́ sí i. Àti pé bí ẹgbẹ́ yín bá wà nítòsí ọ̀rọ̀ náà lórí tábìlì, ẹ dìde, kí ẹlòmíì jókòó. N kò bìkítà bí ẹ ṣe jẹ́ olóòótọ́ tó. Èmi náà jẹ́ olóòótọ́.

Ó ku nǹkan kan. Lánàá, mo fi tíréèdì sílẹ̀ fúnra mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí n kò sí lórí àga. Mo fẹ́ ta gáàdì mi tó jẹ́ 66, kí n gba ọmọ ogún ọdún kan àti píìkì kan láti ọwọ́ ẹgbẹ́ tó wà nípò kẹta. Ọ̀kan nínú yín ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nípò kejì. N kò tíì rí i kó dìde. N kò sì tíì rí ìbéèrè kankan lọ́dọ̀ yín. Fóònù mi wà ní títàn.