Báwo Lẹ Ṣe Dé Ìhín? Ọ̀sẹ̀ Kan Nínú Àwọn Mùsíọ́mù Ìlú Chicago

Nígbà tí mo ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ láti fi wo àwọn mùsíọ́mù ìlú Chicago, mo kọ orúkọ mẹ́sàn-án sínú ìwé, mo sì pín wọn sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí ọ̀gá ń pín iṣẹ́ fún alágbàṣe. Àwọn kìnnìún méjì kan ló yí ètò náà padà ní ọjọ́ kìíní gan-an. Inú Field Museum ni wọ́n wà, nínú àpótí gíláàsì ńlá kan. Akọ ni àwọn méjèèjì, síbẹ̀ wọn kò ní gọ̀gọ̀ lọ́rùn. Mo dúró níwájú wọn pẹ́, nítorí wọ́n kéré ju bí mo ṣe rò pé kìnnìún yẹ kó tó lọ, awọ ara wọn sì dà bí ohun tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ gbó.

Ní ọdún 1898, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe afárá ojú irin sórí odò Tsavo, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Kẹ́ńyà lónìí, àwọn kìnnìún yìí a máa wọ àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lóru, wọn a fa ènìyàn jáde, wọn a sì pa á jẹ, títí ẹ̀rù fi dá iṣẹ́ dúró. John Henry Patterson, ọ̀gá ológun tó ń bójú tó iṣẹ́ afárá náà, ló yìnbọn pa wọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ó sọ nígbà kan pé ènìyàn 135 ni wọ́n pa, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó yẹ egungun àti irun wọn wò ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ṣírò iye náà sí nǹkan bí 35. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú wọn ló wá jẹ́ kí ìrísí wọn yé mi. Nǹkan bí ọdún 25 ni Patterson fi tẹ́ awọ wọn sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀ bí ẹní, kí ó tó tà wọ́n fún mùsíọ́mù náà ní 5,000 dọ́là ní ọdún 1924. Awọ tí a ti gé etí rẹ̀, tí a sì ti tẹ̀ fún ọdún 25, kò lè bo ara kìnnìún tán mọ́, nítorí náà àwọn tó fi awọ náà mọ kìnnìún padà ní láti ṣe wọ́n kéré ju bí wọ́n ṣe wà láàyè lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti pa ìwé tí mo kọ orúkọ mẹ́sàn-án sí tì. Mo pinnu pé n kò ní wo ohun púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí mo bá wò, n ó bi í léèrè ọ̀nà tó gbà dé ìhín.

Ìbéèrè náà wúlò lójú ẹsẹ̀, nínú ilé kan náà. Lókè ni egungun dáínásọ̀ tí wọ́n ń pè ní SUE wà, ọ̀kan lára àwọn Tyrannosaurus rex tí egungun wọn pé jù lọ láyé, tó sì ti kú láti nǹkan bí mílíọ̀nù 67 ọdún sẹ́yìn. Sue Hendrickson, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, ló rí i ní ìpínlẹ̀ South Dakota ní ọdún 1990. Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn fi bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó wú u, ẹni tó ni ilẹ̀, àti ìjọba àpapọ̀, nítorí pé inú ilẹ̀ àwọn Sioux, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ibi tí wọ́n ti rí i. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, a sì gbé egungun náà tì pa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí gbàǹjo ní ọdún 1997, ó lé ní mílíọ̀nù 8 dọ́là tí wọ́n rà á, ọdún 2000 ni àwọn ará ìlú sì kọ́kọ́ rí i ní ìdúró. Orí tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Ojúlówó orí náà wúwo jù fún ọrùn irin tó gbé egungun náà dúró, ó sì wà nínú àpótí tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má ṣe kọjá àpótí yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti fojú ara mi rí àwọn ihò kékeré tó wà ní egungun àgbọ̀n rẹ̀, ohun tí ènìyàn kò lè rí dáadáa bí ó bá ń wòkè.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí mùsíọ́mù fi fìdí múlẹ̀ tó báyìí ní Chicago yóò ní láti padà sí ọdún 1893. Iná ńlá ọdún 1871 ti jó ọ̀pọ̀ nínú ìlú náà run, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 22 péré, ó gbàlejò ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n fi ṣe ìrántí 400 ọdún tí Columbus gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé funfun ńláńlá tí wọ́n kọ́ fún ìpàtẹ náà ni kò ju ilé ìgbà díẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà sí nìkan ni wọ́n fi bíríkì kọ́ kí iná má baà jó o, òun ló sì kù. Inú rẹ̀ ni Field Museum ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kó lọ sí ilé tó wà báyìí ní 1921. Láti 1933 ni ilé kan náà sì ti di mùsíọ́mù ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Jackson Park. Mo fẹ́ràn ilé yẹn. Bí mo ti ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ ni mo ń rò ó pé ilé kan náà tí àwọn èrò ìpàtẹ náà wọ̀ ni mo ń wọ̀.

Ohun tó gba ọjọ́ mi níbẹ̀ ni ọkọ̀ ogun abẹ́ omi Jámánì kan tí ń jẹ́ U-505. Ọkọ̀ tòótọ́ ni, kì í ṣe àwòkọ́ṣe. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1944, lójú òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí Daniel Gallery jẹ́ ọ̀gá wọn lé e títí ó fi léfòó. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣí omi sí i kí ó lè rì, wọ́n sì bẹ́ sódò. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ tó ń rì lọ, wọ́n dí ojú ibi tí omi ń gbà wọlé, wọ́n sì kó àwọn ìwé àṣírí tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ lọ sí Bermuda, wọ́n sì pa á mọ́ ní àṣírí kí àwọn Jámánì má baà yí ọ̀nà ìkọ̀wé àṣírí wọn padà. Ní 1954, wọ́n fà á gba àwọn adágún ńlá wá sí Chicago, wọ́n sì fà á sọdá títì ńlá etí adágún lóru. Ìta gbangba ló wà fún nǹkan bí 50 ọdún kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ jìn, tí wọ́n sì gbé e wọ inú ilé. Nígbà tí mo wọ inú rẹ̀, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ènìyàn 59 ló ń gbé inú ibẹ̀, tí wọ́n ń pín ibùsùn lò ní ìtẹ̀léra.

Mo ní láti padà sórí ọ̀rọ̀ 1893, nítorí ìtàn ìpàtẹ yẹn ní ìhà kejì. Wọn kò fún àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà láàyè láti fi ìtàn àti iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn hàn bó ṣe yẹ. Ida B. Wells, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ akọ̀ròyìn, tẹ ìwé pélébé kan jáde láti fi ẹ̀hónú hàn, ó sì ń pín in nínú ilé tí orílẹ̀-èdè Haiti kọ́ sí ìpàtẹ náà, níbi tí Frederick Douglass, aláwọ̀ dúdú tó jà fún òmìnira àwọn ẹrú ní Amẹ́ríkà, ti jẹ́ aṣojú Haiti. Ọdún 68 lẹ́yìn náà, ní 1961, Margaret Burroughs, olùkọ́ tó tún jẹ́ oníṣẹ́ ọnà, àti ọkọ rẹ̀ Charles, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, ṣí mùsíọ́mù ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú sínú ilé tí àwọn fúnra wọn ń gbé ní South Michigan Avenue. Ní 1973 ni ó kó lọ sí ilé kan nínú ọgbà Washington Park, níbi tó wà títí di òní. Jean Baptiste Point du Sable ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó kọ́lé sí ẹnu odò Chicago kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, ẹni tí ìlú náà kà sí olùdásílẹ̀ rẹ̀. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni pé ìdáhùn àwọn ohun tó wà níbẹ̀ sí ìbéèrè mi kò jọ ti àwọn ibi yòókù. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò gba orí gbàǹjo tàbí ojú ogun wá. Àwọn ẹbí ló mú wọn jáde láti inú àpótí ilé wọn, tí wọ́n sì fi ṣe ẹ̀bùn. Bí ẹni tó ń ka ìwé yìí bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní Chicago, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe fi ibẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú.

Ọ̀rọ̀ owó wọlé kò kéré ní àwọn mùsíọ́mù ńlá, ṣùgbọ́n mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà àwọn ará Mẹ́síkò tó wà ní àdúgbò Pilsen kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ibẹ̀ sì dára.

Mo fi Art Institute, mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà ńlá ìlú náà, ṣe ìkẹyìn. Àwọn kìnnìún méjì ló tún pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí Edward Kemeys fi idẹ ṣe, tí wọ́n ti dúró níbẹ̀ láti 1894. Mo kí àwòrán ńlá tí Georges Seurat, ayàwòrán ará Faransé, fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀kán ọ̀dà kéékèèké kùn láàárín 1884 sí 1886, èyí tí kì í kúrò nílé mọ́, nítorí pé nígbà tí wọ́n yá mùsíọ́mù kan ní New York ní 1958, iná ṣẹ́ yọ nílé náà, ó sì kù díẹ̀ kó kàn án. Lẹ́yìn náà ni mo wọ yàrá iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, mo sì bá òpó ààfin Ìkẹ́rẹ́ pàdé.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ láàárín 1910 sí 1914, ó sì ga tó mítà kan àti ààbọ̀. Ọba jókòó sórí ìtẹ́, ẹyẹ bà lé orí adé rẹ̀. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ fíofío, ọ̀nà tí Ọlọ́wẹ̀ sì gbà gbẹ́ ẹ fi hàn gbangba pé òun ló gbé ọba ró. Kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Àwọn àlejò mìíràn ń dé, wọ́n ń ka káàdì, wọ́n ń kọjá. Èmi dúró, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí n lè rí ìsàlẹ̀ dáadáa, mo sì bi òun náà ní ìbéèrè mi. Káàdì náà sọ fún mi pé 1984 ni mùsíọ́mù gbà á. Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin kan náà ti wà ní mùsíọ́mù ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1924, lẹ́yìn tí Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, gbà láti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ìtẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún un.

Níbi ẹsẹ̀ ọba, ìyàwó kékeré wà lórí ìkúnlẹ̀, Èṣù sì ń fọn fèrè. Ènìyàn kẹta ti wà níbẹ̀ rí, ẹni tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọba, ṣùgbọ́n ó ti já kúrò lára igi náà. Mo wo àyè rẹ̀ títí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi wá sọ fún mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé àwọn fẹ́ ti ilẹ̀kùn.