Ọwọ́ àwọn ẹrú ló kọ́ Yunifásítì Virginia

Rélùwéè ló gbé mi láti Washington dé Charlottesville, ìlú tí Yunifásítì Virginia wà ní Amẹ́ríkà. Títì West Main ni mo tọ̀ láti ibùdókọ̀, mo fẹsẹ̀ rìn ín títí mo fi dé yunifásítì, torí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Orúkọ Thomas Jefferson, ààrẹ kẹta Amẹ́ríkà, lẹ kò ní yéé gbọ́ níbẹ̀. Òun ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1819, òun náà ló sì ya àwòrán ilé. Ọkùnrin yìí kan náà ló kọ ọ́ lọ́dún 1776 pé ọgbọọgba ni Ọlọ́run dá gbogbo èèyàn, bẹ́ẹ̀ ẹrú tó ní láyé rẹ̀ lé ní 600.

Jefferson kò po amọ̀ o. Àwọn ẹrú ló wa amọ̀, àwọn ló mọ bíríkì, àwọn ló sun ún níná. Ọ̀pọ̀ wọn ni olówó wọn yá fún iṣẹ́ náà, tí owó iṣẹ́ sì ń bọ́ sápò olówó wọn. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n wé ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà mọ̀ pé bí gbèsè bá tán, òun ń lọ sílé. Ti àwọn wọ̀nyí, ọmọ tí wọ́n bí náà, ẹrú ni.

Nígbà tí iléèwé ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1825, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ mú ẹrú tirẹ̀ wá. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní tiwọn, àwọn tó ń se oúnjẹ títà fún akẹ́kọ̀ọ́ náà ní tiwọn. Ta ló ń pọnmi? Ta ló ń ṣẹ́gi, tó ń fọṣọ, tó ń kó eérú jáde lójoojúmọ́?

Mo dúró lórí pápá gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Lawn. Ilé Rotunda wà lókè, ilé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tò lọ́tùn-ún lósì pẹ̀lú òpó funfun. Ó lẹ́wà, n kò lè purọ́. Mo wá gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti pápá lọ, yàrá sì wà nísàlẹ̀ ilé tí ẹni tó wà lórí pápá kò lè rí. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, níbẹ̀ náà ni ẹrú ń sùn. Òdòdó ló kún ẹ̀yìnkùlé yẹn báyìí. Láyé ìgbà náà, igi ìdáná, èéfín àti aṣọ tí wọ́n fọ̀ ló wà níbẹ̀. Ohun tó bí mi nínú jù nìyí: wọ́n kọ́lé lọ́nà tí ẹni tó ń jẹun kò fi ní rí ẹni tó se é. Lọ́dún 1856, akẹ́kọ̀ọ́ kan lu ọmọdébìnrin kan tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ títí ọmọ náà fi dákú. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ọmọ náà rí òun fín.

Henry Martin, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Monticello, oko Jefferson, lọ́dún 1826, ló ń lu agogo iléèwé yìí. Òmìnira dé bá a lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń lù ú lọ títí di 1909.

Ibi ìrántí àwọn ẹrú, tí wọ́n parí lọ́dún 2020, kò jìnnà sí Rotunda. Òkúta ni wọ́n fi ṣe é, ó rí róbótó, ó ṣí lápá kan, èèyàn lè wọ inú rẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àwọn ẹrú tó ṣiṣẹ́ níbí tó 4,000, ó kéré tán. Orúkọ 578 péré ni wọ́n rí kó jọ nígbà náà. Àwọn 311 mìíràn, iṣẹ́ wọn tàbí ìbátan wọn nìkan ló wà nínú ìwé. Fún gbogbo àwọn yòókù, wọ́n fá ilà kọ̀ọ̀kan sára òkúta. Mo ti ìka bọ inú ọ̀kan, ó jìn. Bí òjò bá rọ̀, omi a máa ti inú àwọn ilà náà ṣàn sílẹ̀. Mo rí ibi tí wọ́n kọ “ìyá àgbà” sí. Ìyá àgbà ta ni? Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́.

Lára ògiri ìta, Eto Otitigbe, oníṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gbẹ́ ojú obìnrin kan méjèèjì. Ẹ ó rí i láti òkèèrè; bí ẹ bá sún mọ́ ọn, àwọn ilà tó gbẹ́ nìkan lẹ ó rí. Isabella Gibbons ni. Alásè ni nílé ọ̀jọ̀gbọ́n kan, ó mọ̀wé nígbà tí wọn kò fẹ́ kí ẹrú mọ̀wé, ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Lẹ́yìn òmìnira, ó di olùkọ́ nílùú yẹn. Ọ̀rọ̀ tó kọ lọ́dún 1867 wà lára òkúta náà: ó béèrè bóyá àwọn lè gbàgbé pàṣán, ọjà ẹrú, ṣẹkẹṣẹkẹ̀, àti oníṣòwò tó ń já ọmọ gbà lẹ́nu ọmú ìyá rẹ̀. Ó dáhùn pé àwọn kò gbàgbé, àwọn kò sì ní gbàgbé láé. Láti 2015, ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ń jẹ́ orúkọ òun àti William ọkọ rẹ̀.

Bí ọ̀nà bá gbé yín dé Washington, ẹ yà síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìnkùlé àti yàrá ìsàlẹ̀, kí ẹ tó gorí pápá.